Ọlọ́yẹ́ Tí Mo Gbé Lọ Sọ́dọ̀ Ìyá Mi

Ara mi kì í gba ìjókòó. Bí mo bá jókòó jẹun, ẹsẹ̀ mi á máa jó lábẹ́ tábìlì. Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìwàásù gùn, màá ti ka gbogbo fèrèsé, màá ti mọ ẹni tó ń sùn àti ẹni tó ń díbọ́n pé òun ń gbàdúrà. Ẹ wá rò ó wò bó ṣe máa rí lára irú èmi yìí láti máa wo mọ́tò tó dúró sójú kan lẹ́yìnkùlé wa ní Lásúnwọ̀n ní Ìkòròdú, tapólì lórí rẹ̀, ọ̀sẹ̀ ń wọlé, ọ̀sẹ̀ ń jáde, tí èmi ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lọ sọ́jà, tí mo tún ń ru ẹrù bọ̀.

Bọ̀gìnnì ọlọ́yẹ́ ni. Ẹni tó bá ti lójú láyé nígbà yẹn mọ ohun tí mò ń wí: ọkọ̀ àwọn ará Jámánì, dúdú, ó gùn gbọọrọ, ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta wà lórí imú rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀, gbì kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́. Ní ilé wa, ìjà wà lórí orúkọ náà. Ọkọ mi ní nítorí pé àwọn olóyè ló ń gùn ún ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Èmi ní irọ́ ni, ọyẹ́ ni, atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ nínú rẹ̀ bí ìgbà ọyẹ́, nítorí inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ rí mọ́tò tó ń fẹ́ tútù. Tiwa kò sì fẹ́ nǹkan kan. Ẹ̀rọ náà ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí a bá jókòó sínú rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ìwé orin la fi ń fẹ́ ara wa dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń sọ pé, "Bàbá Ìbejì, ọlọ́yẹ́ tí kò ní ọyẹ́, kí ni ká ti máa pè é?" Á ní kí n má tàbùkù ọkọ̀ òun.

Ọmọ Ọ̀ṣun ni ọkọ mi, iṣẹ́ ló gbé e wá sí Èkó. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé tí a yá wà ní Ìkòròdú, nítorí náà ìdájí ló ń jáde. Bí omi bá dára, á lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté. Bí kò bá dára, á lọ du bọ́ọ̀sì ní Gáréèjì. Ọlọ́yẹ́ ńkọ́? Ó ń sùn. Ọkọ mi ní kòtò ojú títì á ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó ní ó ń mu epo jù. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń jí, lẹ́yìn tí ọkọ mi bá ti fi aṣọ tó rọ̀ ju tara mi lọ nù ún látòkè délẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: ayálégbé tó ní ọlọ́yẹ́! Onílé wa, tó jẹ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù ògbólógbòó ni tirẹ̀, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá. Tó bá wá kí wa, á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ta táyà ọlọ́yẹ́ wò kó tó ní ẹ kú ilé.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí ẹ̀rín ọkọ mi, ẹ béèrè ìtàn ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Yéè! Oúnjẹ á tutù. Á ní ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọkùnrin kan ní Jámánì jókòó ti irin títí ó fi ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò nílò ẹṣin. Ọkùnrin mìíràn wà ní ìlú tí kò jìnnà sí tirẹ̀ tóun náà ń ṣe irú ẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì mọ ara wọn. Nígbà tó yá, lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, tí nǹkan le ní ìlú wọn, ilé iṣẹ́ méjèèjì pa pọ̀ di ọ̀kan. Ọ̀kan mú ìràwọ̀ wá: ẹnu kan fún ilẹ̀, ẹnu kan fún omi, ẹnu kan fún òfuurufú. Orúkọ tó wà lára ọkọ̀ náà, orúkọ ọmọbìnrin oníṣòwò kan tó ń bá wọn ta mọ́tò ni. "Ẹ ò rí nǹkan," ọkọ mi á wí fún àlejò, "ọmọ ọlọ́mọ ni gbogbo ayé ń pè lórúkọ láìmọ̀." Àlejò á mi orí. Èmi á ti dìde lọ fọ abọ́.

Èyí tí èmi fẹ́ràn nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ìyàwó. Ọkùnrin tó ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yìí ṣe é tán ni, ẹ̀rù ń bà á láti gbé e jáde. Ó ń tún un ṣe, ó ń nù ún, ó ń gbé e pa mọ́. Irú ẹ̀ wà lọ́dọ̀ èmi náà. Ọ̀rọ̀ náà wá sú ìyàwó rẹ̀, tó sì jẹ́ pé owó tí àwọn òbí obìnrin náà fi sìn ín lọ sílé ọkọ ni wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ọkọ tó jí, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, wọ́n rọra ti ọkọ̀ náà jáde, ó di ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Kò sẹ́ni tó tíì gbé mọ́tò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí. Epo tán lọ́nà, ó ra oògùn tí wọ́n fi ń fọ àbàwọ́n aṣọ lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ó dà á sí i. Páìpù dí, ó yọ pínnì fìlà rẹ̀, ó fi tú u. Búréèkì jẹ tán, ó ní kí aránbàtà kan kàn awọ mọ́ ọn. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú ló dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì fi wáyà ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ pé àwọn ti dé.

Bí ọkọ mi bá ń sọ ibẹ̀, ẹ máa rò pé ìyá tiẹ̀ ni. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá Ìbejì, tó bá jẹ́ èmi ni mo gbé tiyín lọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?" Ó ní ti obìnrin yẹn yàtọ̀. Mo ní báwo ló ṣe yàtọ̀. Ó ní oorun ń kun òun.

Apá kan wà tó máa ń fò. Mo kà á nínú ìwé ìròyìn kan pé nígbà ogun àgbáyé kejì, ilé iṣẹ́ yìí kan náà ń ṣe ẹ́ńjìnì fún ọkọ̀ òfuurufú ológun, wọ́n sì ń fi tipátipá kó àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lójú ogun ṣiṣẹ́. Àwọn fúnra wọn ti jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé ìwé ìròyìn náà síwájú ọkọ mi. Ó kà á, ó ká a, ó ní mọ́tò tòun kò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Mo ní àwọn tó ṣe mọ́tò mọ̀. A kò bára wa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi ń gbé nígbà náà, nílé tí bàbá mi fi sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ta àwọ̀n ìpẹja. Ẹja ni ìyá mi ń yan tà kí eegun rẹ̀ tó kọ iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń tẹ ẹ̀bà lọ́wọ́, fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Ìyá ti ń gbàgbé nǹkan o," ó ní.

"Àgbà ló ń ṣe wọ́n, bọ̀ọ̀dá. Èmi náà ń gbàgbé."

"Kì í ṣe irú ìyẹn. Láàárọ̀ yìí, orúkọ bàbá wa ni wọ́n fi pè mí. Wọ́n ní kí n má pẹ́ lódò."

Ọwọ́ mi dúró lórí orógùn. Mo bi í pé, "Èmi ńkọ́? Wọ́n rántí mi?"

Ó ní, "Wọ́n ń béèrè ẹ lójoojúmọ́. Wọ́n ní ọmọbìnrin àwọn ń bọ̀. Àmọ́ lánàá, obìnrin aládùúgbò kan wọlé wá gba iná, wọ́n dìde, wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n ní, 'Ìyá Ìbejì, o ti dé?'"

Ẹ̀bà náà di kókó. Mo dà á nù. Láti ìgbà yẹn, mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ìyá mi wo ojú mi kó sì mọ̀ pé èmi ni, kó tó di pé kò mọ̀ mọ́. Ẹ̀rù tó bà mí kì í ṣe ti ikú. Pé kí ìyá mi wà láàyè, kó máa rẹ́rìn-ín sí aládùúgbò, kó wá máa wò mí bí ẹni tó wá tajà, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun.

Ọkọ mi ní Sátidé la máa lọ. "Màá gbé ọlọ́yẹ́ jáde, àá lọ bí èèyàn gidi."

Mo ní, "Ọjọ́ Wẹ́sìdeè la wà yìí."

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, fara balẹ̀. Màmá ò sá lọ."

Ẹni tó bá fẹ́ kí orí mi gbóná, kó sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀. Nígbà tó jáde lọ sí Èbúté ní ọjọ́ kejì, èmi náà múra, mo di gèlè, mo lọ sí Gáréèjì. Àwọn ìbejì wà nílé ìwé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, kò sí ọmọ tí màá bójú tó. Mo dé Gáréèjì, kò sí bọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́ kankan. Epo wọ́n, àwọn awakọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn agbèrò jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọ́n ń ta ayò. Mo bi ọ̀kan nígbà wo ni ọkọ̀ máa lọ. Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó ná." Èmi! Kí n jókòó! Mo yíjú padà sílé.

Kọ́kọ́rọ́ kejì wà nínú báàgì ìwé àtijọ́ ọkọ mi, mo sì mọ ibi tó wà tipẹ́. Mo ká tapólì. Mo bu omi sí i, mo wo epo, mo wọlé. Ọkọ mi ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà ní pápá ilé ìwé kan, pẹ̀lú ariwo tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ pé mo máa ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì níbi tó yẹ kí n tẹ búréèkì. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n wà. Ó ta, ó wúkọ́, ó gbà. Onílé wa yọjú lójú fèrèsé. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Mo sì wa ọkọ̀ jáde.

Títí mo fi kọjá Ìmọ́tà, kò sí wàhálà. Ara mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí fóònù ti dún. Mo ti ń rò ó bí màá ṣe wọlé, bí ìyá mi á ṣe pariwo. Mo kọjá Ìtòkín tán, mo dé ibi tí ọ̀nà ti yí, ọlọ́yẹ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wúkọ́, ó dákẹ́. Ìdajì ara rẹ̀ wà lójú títì.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo ṣí iwájú rẹ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Obìnrin Jámánì yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Mo yọ pínnì tó di gèlè mi mú, mo sì dúró síbẹ̀ tí mo nà án bí ẹni tó fẹ́ gún abẹ́rẹ́ fún aláìsàn. Páìpù tó wà níbẹ̀ pọ̀ bí ìfun ẹran. Ọkọ mi ti sọ ìtàn yẹn fún mi ní àìmọye ìgbà, kò sọ páìpù wo rí. Mo wo fóònù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Gèlè mi tú, ó bọ́ sílẹ̀. Inú bí mi dé ibi pé mo fi ẹsẹ̀ gbá táyà, ẹsẹ̀ mi ló dùn mí.

Típà kan tó kó yanrìn ló dúró. Awakọ̀ náà, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, pariwo pé, "Màdáámù, ibi tẹ́ ẹ dúró sí yìí, wọ́n máa pa yín síbẹ̀ o!" Òun àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé láti fi ṣe àmì fún àwọn mọ́tò tó ń bọ̀. Ọ̀pẹ ló wà nítòsí, nítorí náà màrìwò ni wọ́n já. Wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ lójú títì, wọ́n ki díẹ̀ bọ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì so ìdì ńlá kan mọ́ iwájú, lábẹ́ ìràwọ̀, nítorí àwọn tó ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀. Awakọ̀ náà wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ ibi ìtọ́kọ̀, ó ń fa wáyà. Iná iwájú tàn gbòò. Ó fà á síhìn-ín, ó fà á sọ́hùn-ún, iná kọ̀, kò kú.

"Ẹ fi iná sílẹ̀," ó ní. "Ẹ wọlé, ẹ fi í sí jíà kejì, ká tì í."

Wọ́n tì í, ó gbà. Bí mo ṣe ń kí wọn pé ẹ ṣé, wọ́n ń sáré tẹ̀ lé mi, wọ́n ń pariwo pé, "Ẹ má pa á o! Ẹ rọra máa lọ! Ẹ má pa á títí dé Ẹ̀pẹ́!" Mi ò pa á. Mi ò sọ̀kalẹ̀. Mo gbàgbé màrìwò pátápátá, mi ò yẹ iwájú ọkọ̀ wò, mi ò yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Mo fi ìborùn bo orí mi, mo sì ń rọra lọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí mo ṣe ń lọ, ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bò mí. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan yà fún mi. Tírélà, tírélà fúnra rẹ̀, rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́! Àwọn ọlọ́kadà tó wà níwájú mi wo ẹ̀yìn, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú igbó. Bàbá àgbàlagbà kan ṣí fìlà. Mo ní, àṣé òótọ́ ni ọkọ mi ń sọ! Àṣé olóyè ni, kì í ṣe ọyẹ́! Nígbà tí mo dé Kétu tó wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́, obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ yí ọwọ́ rẹ̀ ká orí, ó sì ta ìka dànù. Mo rò pé òṣì ló ń lé lọ, pé òun náà ń bẹ Ọlọ́run fún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Mo ní àmín fún un láti inú ọkọ̀. Àwọn ọlọ́pàá tó dá ọ̀nà dúró gbé igi kúrò kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀kan sọ nǹkan kan fún mi pẹ̀lú ojú fífà ro, ariwo ẹ́ńjìnì kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ yé. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ju ọwọ́. Ó wò mí títí mo fi lọ.

Ẹni tó bá gbọ́n jù mí lọ ti mọ ohun tí wọ́n ń rí. Ní ilẹ̀ wa, ọkọ̀ tó bá so màrìwò mọ́ iwájú, tó tan iná lọ́sàn-án gangan, tó sì ń rọra lọ, òkú ló gbé. Ọlọ́yẹ́ dúdú gbọọrọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń gbé òkú sì fẹ́ràn jù. Gbogbo ayé mọ̀. Èmi tí mo wà nínú rẹ̀ nìkan ni mi ò mọ̀.

Báyìí ni mo ṣe yà wọ àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́.

Igbe ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Obìnrin kan ju igbá sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù àwọ̀n, ó rí ọlọ́yẹ́ dúdú àna rẹ̀, ó rí màrìwò, ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Àbúrò mi! Àbúrò mi ọ̀kan ṣoṣo!" Ó fi ara lu ilẹ̀. Mo dúró. Mo yọ orí jáde, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?" Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí wọ́ sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni mo sọ̀kalẹ̀, tí mo rí nǹkan tó wà lábẹ́ ìràwọ̀.

Mo fẹ́ pariwo pé kò sí òkú, ṣùgbọ́n ìyá mi ti jáde. Kò sẹ́ni tó mú un lọ́wọ́. Ó kọjá lára mi bí ẹni tí kò rí mi, ó lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé búùtù. Ó ń fi ọwọ́ pa á bí ìgbà tí wọ́n ń pa ọmọ lẹ́yìn kó sùn.

"Mo sọ fún wọn pé ó ń bọ̀," ó ní. "Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní mo ń sọ ìsọkúsọ."

Mo di apá rẹ̀ mú. "Màámi, èmi rèé. Ẹ wò mí. Èmi nìyí."

Ó wò mí. Ìborùn wà lórí mi, eruku wà lójú mi. Ó wò mí dáadáa, pẹ̀lú sùúrù, bí èèyàn ṣe ń wo àlejò tó ṣe é lóore. Ó ní, "Ìwọ lo gbé e wá? O ṣé, ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀nà jìn."

Ohun tí mo sáré nítorí rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí n tó dé.

"Ṣé ìyà jẹ ẹ́?" ó bi mí.

Mo ní, "Rárá o, Mà. Ìyà ò jẹ ẹ́."

"Ó dáa. Kì í fara da ìrora, á kàn máa ṣe bí ẹni tó le ni." Ó tún pa búùtù. "Ìgbà tí ojú mi di bàìbàì, òun ló ń yọ eegun ẹja fún mi. Á máa kanra, á máa ṣe ṣìọ̀, ṣùgbọ́n kò ní fi ẹyọ kan sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá wá síbí, á ti fọ gbogbo ìkòkò kó tó jókòó. Mi ò rí irú rẹ̀ rí." Omijé ń ṣàn ní ojú rẹ̀, kò nù ún. "Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Mo ní, "Díẹ̀."

Mo ń sunkún, inú mi ń dùn, inú tún ń bí mi, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rántí mi. Kò gbàgbé nǹkan kan. Ojú mi nìkan ló sọnù. Mò ń jowú èmi tó wà nínú búùtù yẹn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ pa báyẹn, tí èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ni ìbínú mi bá dé. Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dìde nílẹ̀! Ẹ tu màrìwò yìí!" Ó ní, "Kí lo fẹ́ ṣe?" Mo ní ẹ má bi mí. A tu ti iwájú, a tu ti ẹ̀yìn, a dà á sínú gọ́tà. Mo ní iná yìí ńkọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi àtẹ́lẹwọ́ gbá abẹ́ ibi ìtọ́kọ̀ gbàà, iná kú. Mo ní kí wọ́n mú Màámi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo ṣí ìborùn kúrò lórí, mo nu ojú, mo wọlé, mo sì fi ẹ̀yìn gbé ọlọ́yẹ́ jáde títí dé títì. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé orí obìnrin yìí ti dàrú.

Nígbà tí mo dé títì, mo yí padà. Mo tẹ fèrè, mi ò sì gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Mo já wọlé pẹ̀lú eré, pẹ̀lú pàmpàm-pàmpàm bí ẹni tó ń gbé ìyàwó bọ̀, adìẹ ń fò, àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀ lé mi, wọ́n ń hó yèè. Mo dúró gẹ́lẹ́ níwájú bẹ́ǹṣì ìyá mi. Ọlọ́yẹ́ wúkọ́, ó kú. Mo jẹ́ kó kú. Mo bọ́ sílẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ké bí mo ṣe máa ń ké láti ọmọdé pé, "Màámi o! Mo ti dé o!"

Ìyá mi dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú mi mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Ìyá Ìbejì," ó ní. "Ìyá Ìbejì mi! O pẹ́ o!" Bóyá ojú mi ló mọ̀, bóyá ariwo ni, mi ò bi í. Mo wólẹ̀ síbẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Lẹ́yìn tí a ti dì mọ́ra tó, ó fà mí jókòó tì í, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Obìnrin kan wá síbí ní ìsinsìnyí," ó ní. "Ó gbé ọlọ́yẹ́ wá. Ó ní o ti kú."

"Háà! Ta nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó dúró síbí yìí bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Bá mi bú u."

Èébú kì í wọ́n lẹ́nu mi. Mo ní, "Aláìnítìjú! Agbéròyìn burúkú kiri! Olórí kunkun, tí kò lè fìdí mọ́lé!" Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyá mi ní kò tíì tó, pé èpè lọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà. Mo ní, "Màámi, èébú yìí tó." Ó ní kò tó. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó kọjú sí títì níbi tí obìnrin náà gbà lọ.

"Kò ní rí ẹni tó máa sunkún rẹ̀!"

Ó wá ń wo ẹnu mi, ó ń dúró kí n ṣe àmín. Omijé rẹ̀ kò tíì gbẹ lẹ́rẹ̀kẹ́.

Mo ní, "Màámi, ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti rí ẹni sunkún rẹ̀."

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò burú, kí n dìde ká wọlé lọ jẹun.